Jesse Tí Wákàtí Kan Rẹ̀ Jẹ́ Ogójì Dọ́là

Àìsàn tó ń ṣe Jesse, ọmọ Ilépa ní Ìkàrẹ́, kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe làkúrègbé. Kò kàn lè rí èèyàn kó má béèrè iye tí wọ́n ń san fún un lóṣù ni. Bí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe ń kí èèyàn pé ṣé àlàáfíà lẹ jí, bẹ́ẹ̀ ni Jesse ń béèrè pé, "Èló ni wọ́n ń fún yín níbẹ̀?" Bí o bá dá a lóhùn, á rẹ́rìn-ín. Bí o kò bá dá a lóhùn, á fojú díwọ̀n rẹ̀ láti ara bàtà rẹ, á sì rẹ́rìn-ín náà.

Èkó ló ń gbé, níbi tó ti ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù orí fóònù ṣiṣẹ́. Ẹ má fojú kéré géèmù o. Eré ni lójú ẹni tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, oko kòkó ni. Jesse mọ owó tó wà nínú iṣẹ́ yìí bí àlùfáà ṣe mọ Sáàmù. Kò sí ibi tó jókòó sí tí kò ní kà á.

"Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn òfin tí géèmù fi ń rìn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà dọ́là ló ń gbà lọ́dún. Ẹni tó ń yàwòrán rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Ẹni tó ń ṣe ìró àti orin inú rẹ̀, àádọ́rin. Ọ̀gá tó kó gbogbo wọn jọ, ẹ má béèrè tirẹ̀, kí orí má baà fọ́ yín."

Bó bá ti kà á tán, á fọwọ́ ra irùngbọ̀n, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń san gbogbo rẹ̀ fún.

Ohun tí Jesse kì í kà ni owó oṣù ti Jesse. Ní ọ́fíìsì wọn l'Ékòó, àwọn tó ń kọ kóòdù ló jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń gbà lóṣù. Àwọn tó ń yàwòrán jókòó sídìí fèrèsé. Wọ́n ń gba ìdajì ìyẹn. Máígàádì tó ń ṣí géètì ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Jesse jókòó sáàárín géètì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rin.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dán géèmù wò. Ọkùnrin kékeré kan wà nínú géèmù náà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Jesse á máa mú un forí gbá ògiri, bóyá ó lè rí ibi tí ògiri ti lu. Bó bá rí ibi tó lu, á kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù á dí i, ọkùnrin kékeré náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri mìíràn. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹnu Jesse nìkan ni ìtìjú wà.

Nígbà tí Jesse wálé fún ọdún Àjíǹde, ilé Zachariah ló kọ́kọ́ yà. Zachariah jẹ́ tíṣà. Òun àti Jesse ni wọ́n jọ ka ìwé mẹ́fà. Yínúsà tó ń tún ọ̀kadà ṣe náà wà lójúde níbẹ̀, òróró wà lápá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Zachariah, wọ́n ti sanwó oṣù fún ẹ̀yin tíṣà?"

"Wọ́n ti san án."

"Èló ni?"

Zachariah sọ ọ́. Jesse rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ ti ògiri.

"Ìjókòó tí ẹni tó ń kọ kóòdù lọ́dọ̀ wa ń jókòó lé, owó oṣù rẹ mẹ́ta kò lè rà á."

"Ìwọ ńkọ́?" ni Yínúsà béèrè. "Orí irú ìjókòó wo ni wọ́n gbé ìwọ kà?"

Etí Jesse máa ń dí bí ọ̀rọ̀ bá kan ìjókòó. "Yínúsà, tìrẹ ni n kò tilẹ̀ fẹ́ béèrè," ló wí. "Ṣé o mọ̀ pé wákàtí kan mi, ogójì dọ́là ni? Bí mo bá dúró bá ọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, mo ti pàdánù ohun tí ìwọ máa fi ọ̀sẹ̀ méjì wá."

"Tètè máa lọ nígbà náà," ni Yínúsà wí. "N kò fẹ́ jẹ ọ́ níyà."

Níbo ni Jesse ti rí ogójì dọ́là? Ó kà nípa ọkùnrin kan lókè òkun tí wọ́n ń san iye bẹ́ẹ̀ fún, iye náà dùn mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá ṣì sàn. Jesse fi ẹ̀tẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ka owó oṣù làpálàpá ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó gbé e wálé ju ọdún lọ. Ó fẹ́ gbé Ìtùnú níyàwó. Ìtùnú ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Ìkàrẹ́, ọmọ Ọ̀kà ni, ó sì fẹ́ràn Jesse. A kò mọ ìdí rẹ̀, ìfẹ́ kì í ní rìsíìtì. Òun nìkan ni Jesse ti sọ òtítọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún rí, lọ́jọ́ tí ibà mú un tó ń sọ̀rọ̀ láìbojúwẹ̀yìn.

"Jesse," ni Ìtùnú wí fún un, "bí o bá dé iwájú bàbá mi, sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá mi kò kórìíra ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti parí láìbẹ̀rẹ̀ ni kò lè rí sójú."

"Fi bàbá rẹ sílẹ̀ fún mi," ni Jesse dáhùn.

Ọjọ́ Ajé ọdún ló wọ bàtà funfun, ó gba Ìwárò-Ọ̀kà lọ. Bàbá Olúrántí, bàbá Ìtùnú, jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu. Inú ilẹ̀ tó wà láàárín àpáta ló ń dáko sí, ojú rẹ̀ sì ti fi díẹ̀díẹ̀ jọ àpáta náà.

"Wọ́n ní ò ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Irú iṣẹ́ wo ni?"

"Géèmù la ń ṣe, sà. Eré orí fóònù. Gbogbo ayé ló ń rà á."

"Eré," ni bàbá wí. "Wọ́n sì ń sanwó oṣù fún eré."

"Owó ńlá, sà." Ni Jesse bá bẹ̀rẹ̀ Sáàmù rẹ̀: ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹni tó ń yàwòrán, ẹni tó ń ṣe ìró. Ó ka dọ́là títí ewúrẹ́ tó wà lójúde fi dìde kúrò níbẹ̀. Bàbá Olúrántí gbọ́ ọ dé òpin.

"Ta ni wọ́n ń san èyí tó kéré jù fún?"

Ìtùnú tó ń gbé omi mímu bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo ẹnu Jesse.

Jesse wúkọ́. "Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dán an wò, sà. Àwọn yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. A kì í kà wọ́n."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Èmi, sà? Bí n kò bá fọwọ́ sí i pé ó dára, géèmù kankan kò lè jáde nílé iṣẹ́ wa."

Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Máígàádì náà lè búra pé bí òun kò bá ṣí géètì, géèmù kankan kò lè jáde.

Ìtùnú gbé omi náà kalẹ̀ bí ẹni sọ òkúta. Ìdajì rẹ̀ dà sórí bàtà funfun.

"Ó dára," ni Bàbá Olúrántí wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi, n kì í béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àna ni àwa fi ń bẹ̀rẹ̀ nílé yìí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá kọ ebè iṣu fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ̀ta ebè. Bí wọ́n bá parí, a ó gún iyán fún wọn lóko. Bó bá ti jẹ iyán yẹn, ó ti di àna mi, ó ku ká dá ọjọ́ ìyàwó. Bí àwọn ọkọ ẹ̀gbọ́n Ìtùnú méjèèjì ṣe ṣe é nìyẹn."

Ẹni tó lóye á mọ̀ pé kì í ṣe ebè ni àgbà náà fẹ́ kà. Èèyàn ló fẹ́ kà. Ó fẹ́ mọ iye ẹni tó lè tẹ ẹ̀yìn ba lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ọkùnrin tó fẹ́ mú ọmọ òun lọ. Ṣùgbọ́n Jesse gbọ́ iye, orí rẹ̀ sì wú.

"Ẹgbẹ̀ta péré, sà? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún. Ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ tèmi yìí, sà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wà fún. Wákàtí kan rẹ̀, ogójì dọ́là. Èèyàn ni n ó kó wá."

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ?"

"Wọ́n pọ̀ bí eṣú, sà."

"Sátidé," ni bàbá wí. "Ẹgbẹ̀rún ebè. Ẹnu rẹ ló ti jáde."

Eṣú kìíní tí Jesse lọ bá ni Zachariah.

"Sátidé?" ni Zachariah wí. "Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Èló ni wákàtí kan mi?"

"Zachariah, ọ̀rẹ́ ni wá. Ọ̀wẹ̀ ni."

"Ìwọ ló kọ́ mi pé wákàtí níye lórí. Mo ti gbọ́n. Sọ́dọ̀ àwọn tó jókòó sórí ìjókòó yẹn ni kí o lọ."

Yínúsà kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára ọ̀kadà tó ń tú. "Kí o má baà pàdánù nítorí tèmi," ló wí. Jesse lọ bá ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin. Kò sí ẹni tí kò tíì bi léèrè owó oṣù rí, kò sì sí ẹni tó gbàgbé. Ní ọjọ́ Ẹtì, eṣú ti tán nínú oko.

Ó wá ku kí ó lọ bẹ Ìtùnú pé kó bá òun sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ̀. Ìyẹn ni ọlọ́gbọ́n á ṣe. Jesse gba oríta tí àwọn lébìrà ń dúró sí lọ.

Munir, ọmọ Àjọwá, ni olórí wọn níbẹ̀, ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Igba náírà lórí ebè kan," ni Munir wí.

"Igba náírà? Lórí ilẹ̀ lásán?"

"Ẹ lọ bẹ ilẹ̀ náà kó dìde fúnra rẹ̀."

Jesse ṣírò. Ẹgbẹ̀rún ebè, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Ó tún un ṣírò láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kò dín. Gbogbo ohun tó ní láyé ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, owó ọkọ̀ tó máa gbé e padà sí Èkó sì wà nínú rẹ̀. Ó san ọgọ́rin nínú rẹ̀, fún irinwó ebè. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ló máa kọ ìyókù. Bó ti ń kówó náà lé wọn lọ́wọ́ ni àìsàn rẹ̀ tún dìde.

"Ẹ̀gbọ́n Munir, ṣé iye kan náà ni gbogbo yín ń gbà?"

"Rárá. Ẹni tó ń kọ ebè ló ń gba jù. Ẹni tó ń ṣán igbó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń pọn omi fún wa láti odò ló kẹ́yìn, torí kò sí ẹni tí kò lè pọn omi."

Jesse rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń pọn omi náà ń pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ipò kelòó lẹ wà níbi iṣẹ́ tiyín?"

Etí Jesse tún dí.

Ní Sátidé, ó dé oko Bàbá Olúrántí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tuntun àti bàtà funfun ọjọ́sí. Munir àti ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká.

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dà?" ni bàbá béèrè.

"Àwọn kan rèé, sà. Ọkọ̀ àwọn yòókù ló dákú lọ́nà."

Bàbá Olúrántí wo ẹni tó síwájú dáadáa. "Ṣé Munir kọ́ nìyí? Munir tó bá mi kọ ebè lọ́dún tó kọjá? Àṣé ọ̀rẹ́ Jesse ni ọ́?"

"Àná la mọ ara wa, bàbá," ni Munir wí. Kò mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́. "Ó sì ti sanwó. Kò jẹ wá ní kọ́bọ̀."

Àgbà náà mú ọkọ́ kan, ó nà án sí Jesse. "Àwọn tó ń bọ̀ á bá ọ lẹ́nu rẹ̀. Máa kọ ọ́ dè wọ́n."

Jesse tẹ̀ ba. Ebè kìíní tó kọ dà bí fìlà tí wọ́n fìdí jókòó lé. Bàbá Olúrántí dúró lé e lórí.

"Iṣu tí a bá gbìn síbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà níta."

Ó tú u, ó tún un kọ. Ilẹ̀ Ọ̀kà kì í ṣe ilẹ̀ ẹlẹ́yà. Bí ọkọ́ bá wọlé, á bá òkúta pàdé. Jesse gbé ọkọ́ sókè, ó dún gbàù, apá rẹ̀ gbọ̀n títí dé eyín. Ó sún síwájú, ó dún gbàù. Ọkùnrin tó ti fi ọdún méjì wá ibi tí ògiri ti lu nínú géèmù kò rí ibi kan ṣoṣo tí àpáta Ọ̀kà ti lu. Kò tíì di ago mẹ́wàá tí ìbọ̀wọ́ fi ya. Bí ọmọdé bá ní ìbọ̀wọ́ bí àgbà, kò lè ní àtẹ́lẹwọ́ bí àgbà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Jesse, àtẹ́lẹwọ́ ló kó o bá. Méjèèjì bó.

Nígbà tó fi máa di ago mẹ́ta, Munir àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti nu ọkọ́ wọn.

"Irinwó wa ti pé," ni Munir wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi díẹ̀ lé e."

"Igba náírà lórí ebè kan."

Jesse fọwọ́ kan àpò rẹ̀, níbi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wà. Bàbá Olúrántí ti ń ka ebè bọ̀ láti òkè, ó ń fi igi tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó ka ti Munir, irinwó. Ó ka èyí tó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọgbọ̀n.

Ìtùnú àti ìyá rẹ̀ ti gbé iyán dé abẹ́ igi mángòrò, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí òkété kún inú rẹ̀. Bàbá pe Jesse jókòó. Ó gbé abọ́ iyán náà síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka owó jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

"Jesse, o kó lébìrà wá sí ọ̀wẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí irú rẹ̀ rí. Lébìrà, owó la ń san fún un. Àna, iyán la ń gún fún un. N kò mọ èyí tí o jẹ́, ìwọ fúnra rẹ ni kí o yàn án. Owó irinwó ebè ó lé ọgbọ̀n nìyí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Bí o bá mú un, mo ti san ọ́ lówó iṣẹ́ rẹ, ó parí. Bí o bá jẹ iyán, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ ebè tó kù, nígbàkigbà tí o bá wálé, bó jẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. N kò kánjú. Ọmọ mi á dúró dè ọ́."

Oore ńlá ni àgbà yìí ṣe. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ó gbé omi ìfọwọ́ sún mọ́ Jesse.

"Jẹ iyán, Jesse," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Jesse wo iyán. Ó funfun, ó ń rú èéfín. Ó wo Ìtùnú. Ó wo ebè ọgbọ̀n tó wọ́, ó ro ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti àádọ́rin tó kù. Lẹ́yìn náà ló wo owó, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń ṣírò.

"Bàbá," ló wí, "iṣẹ́ ọjọ́ kan ni gbogbo èyí?"

"Ọjọ́ kan."

"Ó ju owó oṣù mi lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí òun tó mọ̀. Ìyá Ìtùnú wo ọkọ rẹ̀. Bàbá Olúrántí wo ọwọ́ Jesse tó ti bó, tó sì ti kó owó náà.

Ìtùnú fi ìdérí bo ọbẹ̀. Ó gbé e, ó gbé iyán, ó gbé omi ìfọwọ́, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú Munir àti àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́, ẹ jẹun," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́." Kò tún wẹ̀yìn wò.

Jesse ki owó bọ àpò. Ó wo Munir bó ti ń bu òkèlè. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ bá Bàbá Olúrántí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Inú àgbà náà rọ̀ díẹ̀. Ó rò pé ọmọ náà ti ronú, pé ó fẹ́ dá owó padà kó sì bẹ̀bẹ̀ fún Ìtùnú.

"Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

"Sà, ọjọ́ wo lẹ tún máa kọ ebè?"

Bàbá Olúrántí fi àgbọ̀n tọ́ka sí Munir. Munir gbé òkèlè mì, ó wo àtẹ́lẹwọ́ Jesse, ó wo ọgbọ̀n ebè tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹni tó máa pọn omi là ń wá," ló wí.